Ìtọ́jú oní-ìmọ́lẹ̀ lásìkò iṣẹ́ abẹ fún kókó ọpọlọ tó hù padà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹbí tí dókítà ti sọ fún pé kókó tí wọ́n yọ kúrò lọ́pọlọ èèyàn wọn ti hù padà ni a kọ èyí fún, pàápàá bí ẹnìkan bá ti dárúkọ ìtọ́jú oní-ìmọ́lẹ̀ (photodynamic therapy lédè Gẹ̀ẹ́sì) létí wọn. Glioblastoma ni ọ̀rọ̀ wa dá lé jù, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ látinú ọpọlọ àgbàlagbà fúnra rẹ̀, òun náà ló sì ṣòro jù láti lé lọ pátápátá.

Kí ni ìtọ́jú yìí gan-an?

Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé kó tó ṣiṣẹ́: oògùn, ìmọ́lẹ̀, àti ọ́síjìn tó wà nínú ara. Bí oògùn náà bá wà nínú ara láìsí ìmọ́lẹ̀, kò ní pa kókó. Bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ náà láìsí oògùn, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Wọ́n máa ń fún aláìsàn ní oògùn náà kí wọ́n tó gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Yóò bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri, ṣùgbọ́n inú kókó ni yóò ti pọ̀ jù, nítorí pé odi tí Ọlọ́run fi ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọpọlọ ti ń jò níbi tí kókó bá wà, kò sì rí bẹ́ẹ̀ níbi tí ọpọlọ ti dá pé. Lẹ́yìn tí oníṣẹ́ abẹ bá ti yọ gbogbo ohun tó lè yọ, yóò tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí ara ògiri ihò tí kókó fi sílẹ̀. Oògùn tó wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù yóò gba agbára ìmọ́lẹ̀ náà, yóò gbé e fún ọ́síjìn, ọ́síjìn yóò sì yí padà di oríṣi kan tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ látinú. Ọ́síjìn tó yí padà yìí kì í pẹ́ rárá kó tó kú, kò sì lè rìn jìnnà sí ibi tó ti jáde. Sẹ́ẹ̀lì tí oògùn wà nínú rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì kàn, ni yóò jìyà rẹ̀. Ó tún máa ń dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń bọ́ kókó náà.

Dókítà sọ pé àwọn ti yọ gbogbo rẹ̀. Kí ló dé tó fi hù padà?

Dókítà kò purọ́ fún yín. Ohun tí MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, fi hàn ni wọ́n yọ. Glioblastoma kò dà bí òkúta tó jókòó sójú kan. Ó dà bí ẹ̀kan nínú oko. Ẹ lè ro ilẹ̀ náà títí tí ẹ kò fi ní rí ewé kankan mọ́, gbòǹgbò rẹ̀ tó ti sá lọ lábẹ́ ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti yọ́ wọ inú ọpọlọ tó dá pé ní àyíká, ojú kò sì lè rí i, àwòrán kò sì lè gbé e.

Bó bá jẹ́ ọmú tàbí ìfun ni, oníṣẹ́ abẹ lè gé kọjá ibi tí àrùn dé, kó fi èyí tó dá pé díẹ̀ kún un. Nínú ọpọlọ, ibi tó fẹ́ gé kọjá yẹn lè jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń wá, tàbí ibi tó ń gbé apá ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ dúró. Nígbà tí kókó yìí bá sì máa padà, ibi tó wọ́pọ̀ jù pé kó ti yọ ni láàárín sẹ̀ǹtímítà méjì sí etí ibi tí wọ́n gé. Etí yẹn gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ń lọ bá. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò ju ìyẹn lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kún un fún yín.

Ṣé iná náà kò ní jó ọpọlọ?

Rárá. Agbára rẹ̀ kéré, ooru kọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Lésà ni wọ́n sábà fi ń tan ìmọ́lẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n lésà mìíràn wà tí wọ́n ń kì bọ inú ọpọlọ láti fi ooru se kókó. Ìtọ́jú ọ̀tọ̀ nìyẹn, ewu rẹ̀ yàtọ̀, ẹni tó sì bá a mu yàtọ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé “lésà” fún yín, ẹ bi í èwo nínú méjèèjì.

Ìyá mi mu oògùn kan ní London kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní kókó náà tàn pupa. Ṣé òun náà ti gba ìtọ́jú yìí?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 5-ALA ni màmá mu. Ìtọ́jú yìí kọ́ ni wọ́n ṣe fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ni wọ́n. Àṣìmú yìí wọ́pọ̀ púpọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa dáadáa.

5-ALA jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Aláìsàn á mu ún ní wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ mìlígíráàmù 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. Sẹ́ẹ̀lì kókó á sọ ọ́ di ohun mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ protoporphyrin IX. Bí oníṣẹ́ abẹ bá wá pa iná yàrá, tó tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù sí ojú ọgbẹ́, ibi tí kókó wà á máa tàn pupa bí ẹyin iná, ọpọlọ tó dá pé á sì máa hàn ní àwọ̀ búlúù. Ojú ló là fún oníṣẹ́ abẹ. Ọ̀bẹ ló ṣì ń yọ kókó.

Àǹfààní ìyẹn nìkan kò kéré. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì tó jáde ní 2006, wọ́n yọ gbogbo kókó tí àwòrán lè fi hàn lára ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó mu 5-ALA, nígbà tó jẹ́ ìdá 36 péré lára àwọn tí wọ́n fi iná funfun lásán ṣiṣẹ́ fún. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2007, Amẹ́ríkà ní 2017. Ní Ìlú Ọba, ìlànà 2018 ti NICE, àjọ tó ń la ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ níbẹ̀, dámọ̀ràn rẹ̀. Lẹ́yìn tí Tessa Jowell, tó ti ṣe mínísítà níbẹ̀ rí, kú nípa glioblastoma lọ́dún kan náà, ìjọba ṣèlérí láti jẹ́ kó dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní England.

Ibi tí ìbátan náà ti wọlé rèé: protoporphyrin IX yẹn kan náà, bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ pupa tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nànómítà 635 sí i, tí ìmọ́lẹ̀ náà sì pọ̀ tó, ó lè pa sẹ́ẹ̀lì tó gbé e. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Lille ní ilẹ̀ Faransé ti dán an wò lára aláìsàn mẹ́wàá nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní INDYGO. Wọ́n kì bàlúù kékeré kan bọ inú ihò tí kókó fi sílẹ̀, wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ látinú rẹ̀. Ní Jámánì, Munich àti Münster, okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń gún wọ inú kókó fúnra rẹ̀ láìla orí gbayawu. Bí ìwé iṣẹ́ abẹ màmá kò bá sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ pupa tí wọ́n fi tọ́jú wọn, a jẹ́ pé wọ́n kàn fi oògùn náà ríran ni.

Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú gidi, tí kì í ṣe ìwádìí?

Jàpáánì. Ní 2013 ni ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí oògùn talaporfin, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Laserphyrin, fún jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ látinú ọpọlọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní 2003 fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà ní yunifásítì ìṣègùn méjì ní Tókíò ló ṣe iṣẹ́ tó gbé e débẹ̀: Tokyo Women's Medical University àti Tokyo Medical University.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ talaporfin sí iṣan aláìsàn, mìlígíráàmù 40 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí awọ ara rẹ̀ bá fẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà wọ́n á dúró, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kàn án láàárín wákàtí 22 sí 26 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń gún un, ẹni náà sì ti wà lábẹ́ òfin òkùnkùn láti ìgbà yẹn lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á la orí, wọ́n á yọ kókó bó ṣe yẹ, wọ́n á dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Wọ́n á wá tan lésà tó wà lára awò ńlá tí oníṣẹ́ abẹ fi ń wo inú ọpọlọ. Ìmọ́lẹ̀ náà pupa, nànómítà 664. Ibi tó máa ń tàn dé lẹ́ẹ̀kan kò ju róbótó kékeré kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n sì ń lò lórí róbótó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á sún un síwájú, wọ́n á tún ka ìṣẹ́jú mẹ́ta mìíràn, títí tí wọ́n á fi kárí ibi tí wọ́n fura sí. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣàn sójú ibẹ̀ lè dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fara balẹ̀ nù ún. Wọ́n tún ń bo àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó bá yọ síta, nítorí oògùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, wọn kò sì fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ba ògiri iṣan jẹ́.

Mìlímítà díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ pupa ń wọlé kó tó rẹ̀ ẹ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá rántí pé gbòǹgbò kókó lè lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ló kọ́kọ́ ronú kan irú nǹkan báyìí?

Ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ni, Oscar Raab, ní Munich. Ó ń dán àwọ̀ kan tó ń jẹ́ acridine wò lára àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú omi, ó sì rí i pé wọ́n ń yára kú bí ìmọ́lẹ̀ bá wà, wọn kì í sì í yára kú nínú òkùnkùn. Òun àti ọ̀gá rẹ̀, Hermann von Tappeiner, ló fi hàn pé kì í ṣe àwọ̀ náà nìkan ló ń pa wọ́n. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1900. Ní nǹkan bí ọdún 1912, dókítà ará Jámánì kan, Friedrich Meyer-Betz, gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ haematoporphyrin, ohun kan tí ìmọ́lẹ̀ máa ń jí, ó sì jáde sínú oòrùn. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú bàmù, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oòrùn tó fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà náà ni gbogbo ìkìlọ̀ tí a óò ṣe nísàlẹ̀ yìí dá lé lórí.

Ní àwọn ọdún 1970, Thomas Dougherty ní Roswell Park, ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí ayé mọ̀. Oògùn Photofrin ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ní 1995. Ní ti ọpọlọ, àwọn ará Ítálì ti gbìyànjú rẹ̀ ní 1980, àwọn dókítà ní Melbourne ní Ọsirélíà àti ní Toronto ní Kánádà sì ṣe é lára ọ̀pọ̀ aláìsàn lẹ́yìn náà.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú ìtàn náà ni ti Milwaukee. Àjọ NASA ń wá iná LED tí wọ́n lè fi gbin ewéko nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí ojú ọ̀run. Dókítà Harry Whelan ní Medical College of Wisconsin gba iná yẹn kan náà, ó sì lò ó láti jí oògùn nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn tí kókó wọn ti hù padà, láti 1999. Lésà ayé ìgbà yẹn tóbi, ó gbówó lórí, ó sì ṣòro láti gbé káàkiri. Iná LED kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ òtítọ́ fún wa: ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ó ń ṣe ìrànwọ́ fún àwọn kan. A kò gbọ́dọ̀ pè é ní ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà láìsí i. Ìtọ́jú tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé fún glioblastoma tuntun jáde ní 2005: iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà ìtànṣán alágbára tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ (radiotherapy), pẹ̀lú oògùn temozolomide. Nínú ìwádìí náà, ìdajì àwọn tó gba temozolomide pẹ̀lú ìtànṣán wà láàyè kọjá oṣù 14.6; fún àwọn tó gba ìtànṣán nìkan, oṣù 12.1 ni. Bó bá ti hù padà, kò sí ìtọ́jú kan tí gbogbo dókítà fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn kan ń fún èèyàn ní oògùn lomustine tàbí bevacizumab, àwọn kan ń tún ìtànṣán ṣe.

Ìwádìí tí àwọn ará Jàpáánì fi gba ìfọwọ́sí yẹ aláìsàn 22 wò. Lẹ́yìn ọdún kan, 21 nínú wọn ṣì wà láàyè. Ó dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn náà kéré níye, wọn kò sì ní ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n lè fi wọ́n wé. Ní ti kókó tó hù padà, ìròyìn kan jáde láti Tókíò ní 2022 lórí aláìsàn 70 tó ṣiṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn 32 gba ìmọ́lẹ̀, àwọn 38 kò gbà á. Ìdajì àwọn tó gbà á lo oṣù 5.7 kí kókó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Fún àwọn tí kò gbà á, oṣù 2.2 ni. Ní ti ẹ̀mí fúnra rẹ̀, oṣù 16 ni fún àwọn ti ìmọ́lẹ̀, oṣù 12.8 fún àwọn yòókù.

Bí mo ṣe ka nọ́ńbà wọ̀nyí nìyí. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré lójú ẹni tó ń dúró de ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ìbò pín àwọn aláìsàn náà sí ẹgbẹ́ méjì. Ìwé ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá ni wọ́n padà lọ kà. Ó ṣeé ṣe kí ara àwọn tí wọ́n fún ní ìmọ́lẹ̀ ti le díẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ látìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí kókó wọn ti wà níbi tó rọrùn láti dé. Ìwádìí ńlá tí yóò pa ẹnu gbogbo èèyàn mọ́ kò tíì wà. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ìtọ́jú yìí ṣèlérí ìwòsàn fún yín ti ń tan yín jẹ, ẹ má ta ilẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ta ló bá mu, ta ni kò bá mu?

Ẹni tí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún ló lè gbà á, nítorí pé inú iṣẹ́ abẹ náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Bí kókó bá wà ní ibi tí ọ̀bẹ kò lè dé, tàbí tó ti tàn sí ọ̀pọ̀ ibi nínú ọpọlọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ mìlímítà díẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́. Jẹjẹrẹ tó ti ọmú tàbí ẹ̀dọ̀fóró wá sínú ọpọlọ kò sí lára ohun tí Jàpáánì fọwọ́ sí i fún. Ẹni tó bá ní porphyria, àrùn àbínibí kan tí ń mú kí irú àwọn ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń jí wọ̀nyí pọ̀ jù nínú ara, kò gbọ́dọ̀ gbà á rárá. Bí ẹ̀dọ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, dókítà ní láti rò ó wò, torí ẹ̀dọ̀ ló ń bá ara kó oògùn náà dànù.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Gbogbo ewu iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ló wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀, àkóràn, gìrì, kí apá kan ara rọ, kí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣòro. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ lè mú kí ọpọlọ wú ní àyíká ibi tó kàn, wọ́n sì máa ń lo dexamethasone láti fi dín in kù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn pé ẹ̀dọ̀ ń ṣe wàhálà fúngbà díẹ̀.

Ewu tó jẹ́ ti ìtọ́jú yìí gan-an, tí kò sí nínú iṣẹ́ abẹ mìíràn, ni pé gbogbo awọ ara àti ojú aláìsàn á di ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè jó. Lọ́wọ́ ẹ̀yin ẹbí ni ìyẹn wà, nítorí náà ó nílò àyè tirẹ̀.

Báwo la ṣe máa tọ́jú wọn nílé kí oòrùn má bàa jó wọn?

Iye ọjọ́ tí ẹ óò fi ṣọ́ra wà lọ́wọ́ oògùn tí wọ́n lò. 5-ALA yára kúrò lára: ọjọ́ kan ni ìwé oògùn Yúróòpù sọ, ọjọ́ méjì ni ti Amẹ́ríkà. Talaporfin gba ọ̀sẹ̀ méjì. Photofrin ló gùn jù: ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ orúkọ oògùn náà àti ọjọ́ tí ìṣọ́ra máa parí sínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Fún talaporfin, ìlànà ni pé kí ìmọ́lẹ̀ tó wà níbi tí aláìsàn ń gbé má kọjá 500 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó). Ìmọ́lẹ̀ ọ́fíìsì tó mọ́lẹ̀ dáadáa kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000. Ẹ wá rí i pé ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú àgbàlá tó láti dá ìyọnu sílẹ̀.

Gíláàsì fèrèsé kò dá a dúró. Oòrùn tó gba fèrèsé wọlé ṣì ń jó awọ, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó gba gíláàsì mọ́tò wọlé. Bí ẹ bá ń gbé èèyàn yín kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ dúró dìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọ̀sán lè gba wákàtí méjì, oòrùn á sì jókòó lé ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Bó bá di dandan kí wọ́n jáde ní ọ̀sán, ẹ fún wọn ní fìlà tàbí gèlè tó borí dé ọrùn, aṣọ alápá gígùn tó nípọn, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ àti jígí dúdú. Ẹ má gbàgbé àtàrí tí wọ́n fá fún iṣẹ́ abẹ. Kò sí irun tó máa bò ó. Nínú ọkọ̀ òfurufú, ẹ má fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ìpara tí wọ́n ń fi dènà oòrùn kò wúlò fún èyí. Ìtànṣán tí ojú kò lè rí ni ó ń dènà. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí gan-an ló ń jí oògùn yìí.

Síbẹ̀, ẹ má ti wọn mọ́ yàrá tó ṣókùnkùn biribiri. Ìmọ́lẹ̀ ilé lásán, gílóòbù tó wà lókè àjà, tẹlifíṣọ̀n, kò léwu, ó tilẹ̀ dára, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yẹn ló ń bá wa run oògùn tó kù sábẹ́ awọ láìpa wọ́n lára. Èyí tó léwu ni iná tó mọ́lẹ̀ gan-an tó sún mọ́ ara: gílóòbù tí kò ní ìbòrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, iná tí dókítà eyín ń tàn sẹ́nu, iná yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí eyín bá ń dùn wọ́n, ẹ sọ fún dókítà eyín kó tó tan iná rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ṣàìsàn láàárín wa kì í dá wà. Àlejò á wá, pásítọ̀ tàbí àáfà á wá gbàdúrà, ẹnìkan á sì ṣí kọ́tìnì pé kí atẹ́gùn lè wọlé. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ó lè bó wọn lójú. Ẹ yan ẹnìkan nínú ilé, kó jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbọ̀rọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ á jẹ́ láti jókòó ti kọ́tìnì yẹn.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé, wọn kì í kàn jáde lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú. Bí ọwọ́ kò bá pọ́n, tí kò wú, tí kò lé ròrò títí di ọjọ́ kejì, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Bó bá pọ́n, wọ́n á padà sábẹ́ ìbòjì, ẹ ó sì pe ilé ìwòsàn.

Ṣé awọ dúdú tiwa kò ní gbà wá?

Kò ní gbà yín. Awọ dúdú ń dín agbára oòrùn kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá oògùn yìí dúró, ojú ọjọ́ tiwa sì le ju ti Tókíò lọ. Lára awọ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn. Ẹ máa bi wọ́n bóya ibì kan ń ta wọ́n tàbí ó ń gbóná, kí ẹ sì fọwọ́ kàn án wò.

Oògùn wo ni kí wọ́n yẹra fún?

Àwọn oògùn tí a ń rà lọ́wọ́ kẹ́mísítì láìsí ìwé dókítà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Doxycycline àti tetracycline, Septrin, Ciprofloxacin, griseofulvin tí wọ́n ń lò fún làpálàpá, àti díẹ̀ lára àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀: gbogbo wọn ló lè mú kí awọ tètè jó nínú oòrùn. Bí a bá kó wọn lé oògùn oní-ìmọ́lẹ̀ lórí, ọ̀rọ̀ á di méjì. Ewé St John's wort tí wọ́n ń tà ní òkè òkun fún ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì wà lára wọn.

Ní ti àgbo, ẹ sọ fún dókítà, kódà bí ẹ bá rò pé yóò bínú. Ẹ̀dọ̀ tó ń kó oògùn dànù náà ló ń kó àgbo dànù, kò sì ní yẹ kí ó máa ṣe méjèèjì pọ̀ lásìkò yẹn.

Ṣé ó rọ́pò ìtànṣán àti kímò?

Rárá. Ó kún wọn ni. Àǹfààní rẹ̀ kan ni pé kò gba àyè lọ́wọ́ ìtànṣán. Ẹni tó ti gba ìtànṣán dé ibi tí ọpọlọ lè gbà á dé ṣì lè gba ìmọ́lẹ̀.

MRI tí wọ́n ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń fi nǹkan funfun hàn ní etí ibẹ̀. Ṣé ó ti padà?

Ẹ fara balẹ̀. Ní oríṣi àwòrán MRI kan, ibi tí ìmọ́lẹ̀ kàn máa ń mọ́lẹ̀ bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iṣẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ṣe ló ń hàn yẹn. Bí ilé ìwòsàn mìíràn bá fẹ́ ka àwòrán náà, ẹ rí i dájú pé wọ́n mọ̀ pé èèyàn yín gba ìtọ́jú yìí, kí wọ́n má bàa fi ìlà yẹn dájọ́ ikú fún un.

A wà ní Nàìjíríà. Kí la lè ṣe?

Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kì í ṣe àjèjì nílé. Láti 1962 ni Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, àwọn tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ sì pọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún aláìsàn ṣì ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe dáadáa, ẹ má sì fi ìyẹn sílẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀ tó wà lókè òkun.

Bí ẹ bá fẹ́ bi ilé ìwòsàn kan léèrè ní Jàpáánì, Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó kọ̀wé: ìwé àyẹ̀wò kókó tí wọ́n kọ́kọ́ yọ, àwo CD àwọn MRI pẹ̀lú ọjọ́ wọn, ìwé iṣẹ́ abẹ, iye ìtànṣán tó ti gbà, àti orúkọ gbogbo oògùn. Ẹ béèrè bóya ìtọ́jú ni tàbí ìwádìí, torí pé bó bá jẹ́ ìwádìí, ìlànà wà fún ẹni tí wọ́n lè gbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ewu rẹ̀ fún yín nínú ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ tún béèrè ibi tí aláìsàn máa sùn sí títí tí oògùn á fi kúrò lára rẹ̀, torí kò yẹ kó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ kejì.

Ẹnìkan ń ta iná pupa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ó ń wo kókó ọpọlọ. Ṣé ká rà á?

Ẹ má rà á. Orí ní egungun. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń tàn láti ìta kò lè dé ìdí kókó débi tí yóò ṣiṣẹ́ yìí, kò sì sí oògùn kankan nínú ara tó máa jí. Ẹ fi owó yẹn ra oúnjẹ fún aláìsàn.

Wọ́n ti gún wọn ní abẹ́rẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ṣé ká máa lọ sílé bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀?

Rárá o. Ìmọ́lẹ̀ kò tíì kan ọpọlọ, ṣùgbọ́n oògùn ti wà nínú awọ. Láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ ti wọlé ni ẹ ti ń ka ọjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fi ọ̀bẹ kan wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì talaporfin, oṣù kan Photofrin, ṣì dúró bẹ́ẹ̀, kọ́tìnì náà ṣì gbọ́dọ̀ wà ní pípadé. Kí wọ́n tó fún wọn láyè láti kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ bi dókítà bóya wọ́n máa tún oògùn náà gún nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá dé, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tẹlifóònù tí ẹ lè pè lóru bí awọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n.